Páálí Méjì Tí Ìko Wà Lára Wọn

Àǹtí mi kò gbà pé ẹ̀rọ géèmù yàtọ̀ sí obì. Lójú tiwọn, ohunkóhun tí ènìyàn bá ń rà pamọ́ nígbà tó pọ̀, tó sì ń tà nígbà tó wọ́n, obì ni, ì báà ní wáyà nínú. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn dàgbà nìyẹn ní Sábó, ní Ṣàgámù, níbi tí ìdílé wa ti ń ra obì gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n ń fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Ní ọdún kan tí kòkòrò jẹ obì tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì sítọ́ọ̀ fi ṣófo, wọ́n fi pákó pín sítọ́ọ̀ náà sí méjì, wọ́n kun apá iwájú ní funfun, wọ́n sì kó ẹ̀rọ géèmù sí i. Títí di òní, ẹni tó bá wọlé wá ra páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù máa ń gbóòórùn obì.

Èmi ni mo ń dúró níbẹ̀. Àǹtí yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. N kò pẹ́ ní ilé ìwé girama tí mo fi í sílẹ̀, mo sì wá bá wọn gbé. Ojú máa ń tì mí. Bí ẹni tí n kò mọ̀ rí bá bi mí ní ìbéèrè, ahọ́n mi a lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé, “Ẹ pe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wá fún wa.” Àǹtí mi a dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn pákó pé, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ọwọ́ ló fi ń sọ tirẹ̀.”

Ọjà géèmù ní àsìkò tirẹ̀, bí obì ṣe ní. Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá fẹ́ máa dáwọ́ dúró, géèmù bọ́ọ̀lù tuntun máa ń jáde. Kí ọjọ́ náà tó pé, gbogbo àwọn tó ní ilé géèmù ní Rẹ́mọ, ibi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń sanwó kí wọ́n tó jókòó gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ kiri. Lẹ́yìn rẹ̀, ọjà a tún sùn. Ṣùgbọ́n ọdún tí mò ń sọ yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ìròyìn ti kàn pé géèmù tuntun náà kò ní wọ inú ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́. Ẹ̀rọ tuntun nìkan ló máa gbà á.

Ohun tó gbé ìyá àgbàlagbà kan wá bá wa láti Ìlárá nìyẹn. Màmá Géèmù ni gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ọmọ wọn ló dá ilé géèmù sílẹ̀; nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, ó fi í sílẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Màmá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín páàdì àti rìmóòtù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wá, wọn a sì lé e lọ sílé. Rẹ́mọ ponbele ni wọ́n ń sọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí kì í ṣe bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, mo kàn fẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn.

Wọ́n jókòó, wọ́n ní, “Alhájà, ọmọkùnrin kan ti ṣí ilé géèmù sí ọ̀ọ́kán mi gan-an. Ó kùn ún ní pupa. Àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù lọ́dọ̀ mi sì ti wí fún mi: ‘Màmá, ẹni tó bá ní géèmù tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ la máa bá lọ.’ Ẹ wò ó, mo mọ ọmọ. Ibi tó bá jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ìdí rẹ̀ máa mọ́. Bí wọ́n bá lọ, ilé géèmù mi ti kú nìyẹn.”

Àǹtí mi ní, “Kò ní kú. Ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.”

“Ṣé ó ní ẹnu? Ọmọ mi ní kí n rí i dájú pé ó ní ẹnu tí wọ́n ń ki sídì sí. Sídì la máa ń yá láti Ìkẹ́nnẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa kò lè fa géèmù wálẹ̀.”

Àǹtí mi tú àpò tí wọ́n fi di ẹrù náà, wọ́n ṣí páálí tó wà lókè pátápátá, wọ́n gbé ẹ̀rọ inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn. “Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ó ń ya ẹnu bí ọmọ ìkókó tó fẹ́ mu ọyàn.” Màmá rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi dá ẹ̀rọ náà padà, wọ́n sì so ìko mọ́ méjì tí Màmá fẹ́ rà nínú àwọn páálí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láìṣí wọn.

Ìko ni a fi ń so ẹrù tí a ti tà tí ẹni tó rà á kò tíì gbé. Wọ́n á gé fọ́nrán ìko kan sí méjì. Ìdajì á wà lára ẹrù, ìdajì kejì á bá ẹni tó rà á lọ sílé. Láti ìgbà náà lọ, iye tí wọ́n ti jọ dá kò ní yí padà, ì báà wọ́n, ì báà pọ̀. Kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ tú u àfi ẹni tí ìdajì yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ààlè, kò sí oògùn nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, tí a wá fi ìko so kó má baà gbàgbé ara rẹ̀. Àjọ tí Màmá ń dá kò tíì kàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí géèmù máa jáde gan-an ni yóò kàn wọ́n, ìgbà náà ni wọ́n máa wá gbé ẹrù wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, obì tuntun kún sítọ́ọ̀, àǹtí mi sì bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òkè Ọya bí wọ́n ṣe máa ń lọ. Kí wọ́n tó gun ọkọ̀, wọ́n fi ìka kan páálí méjèèjì.

“Ṣé o rí èyí?”

“Mo rí i, Àǹtí.”

“Bí ọba bá wá, kó bá a níbẹ̀.”

Àárín ìgbà tí wọ́n lọ yẹn ni ọ̀wọ́n dé. Ẹ̀rọ tó yẹ kó ti gúnlẹ̀ ní èbúté kò gúnlẹ̀. Àwọn kan ní ọkọ̀ ojú omi ló há sọ́nà. Àwọn kan ní dọ́là ló gbé e lọ. Àwọn mìíràn ní àwọn tó ń ṣe é gan-an ló mọ̀ọ́mọ̀ ń jù ú síta díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè máa du ú. Ẹni tó ń kó ọjà fún wa a pe fóònù láràárọ̀ pé, “Iye àná ti kú o,” á sì gé e. Nígbà tó yá, kò pè mọ́ rárá. Àwọn ará Ṣàgámù kọ́kọ́ wá, àwọn ará Ìpẹ̀rú tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí n kò rí rí, àwọn ará Èkó tó ń wá ra géèmù lọ́wọ́ wa. Páálí òkè tí àǹtí mi ṣí wò náà lọ. Gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ku méjì tí ìko wà lára wọn, wọ́n wà nílẹ̀ nínú àpò wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọjọ́ géèmù sì ń sún mọ́lé.

Ọkùnrin kan wọlé ní ọ̀sán kan tí òjò fẹ́ rọ̀. Ó dé fìlà alábẹ̀bẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi. Ó wo pẹpẹ tó ṣófo, ó wo ilẹ̀.

“Èló ni méjì yẹn?”

“Wọ́n ti tà á, sà.”

Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

“Ta ló rà á? Ṣebí òun ni mò ń wò yìí.”

Mo fi ìka han ìko náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Okùn? Ṣé ẹran iléyá ni?” Ó gbé fóònù sétí. “Wá gbọ́ nǹkan. Ní Ṣàgámù níbí, wọ́n ń so géèmù mọ́lẹ̀ kó má baà sá lọ.” Ó gbọ́ èsì, ó tún rẹ́rìn-ín, ó fi fóònù sápò. “Ọmọge, ohun tí ẹni yẹn bá fẹ́ san, màá san án ní ìlọ́po méjì. Gbé e wá.”

Mo mi orí.

“Ọ̀gá ẹ dà?”

“Wọ́n rìnrìn àjò, sà.”

“Ó dára. Bí wọ́n bá dé, owó ni wọ́n máa bá. Ta ni owó máa ń bí nínú?” Ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ sí ìdí ìko náà.

Ẹlòmíràn ì bá pariwo. Ẹ̀yìn pákó ni àwọn obìnrin tó ń ṣa obì wà, bí mo bá lọgun lẹ́ẹ̀kan, wọn ì bá tú jáde. Ohun tí èmi kàn mọ̀ ni pé mo ti kọjá níwájú rẹ̀, mo sì ti jókòó lé páálí méjèèjì, mo di etí àpò mú ní ọ̀tún àti ní òsì.

Ó dúró lórí mi. “Dìde.”

N kò dìde.

“Sísí, dìde, mi ò bá ẹ jà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Ẹ jọ̀ọ́ kí ni?”

Mò ń wo bàtà rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Ó fa àga àwọn oníbàárà, ó jókòó dojú kọ mí, ó ní, “Èmi náà mọ̀ ọ́n jókòó.” Báyìí ni a jókòó. Mò ń rò ó pé bí mo bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́. Mò ń rò ó pé bó bá fi ọwọ́ agbára gbé mi ńkọ́. N kò wúwo.

Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí àpò náà ti ya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ lu itan.

“Ṣé o mọ ohun tó o jókòó lé?”

Ó na ìka sí àwòrán ara páálí.

“Kò ní ẹnu. Irú èyí kò gba sídì. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń jẹun. Ibo ni ẹni tó rà á ń gbé?”

“Ìlárá, sà.”

“Ìlárá!” Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé. “Ní Èkó, ọwọ́ àwọn oníbàárà mi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Kí ni ará Ìlárá fẹ́ fi èyí ṣe? Kó gbé epo lé e lórí? Gbọ́, ọ̀dọ̀ àwọn àna mi ní Ìkẹ́nnẹ́ ni mò ń sùn. Màá padà láàárọ̀ ọ̀la. Pe ọ̀gá ẹ. Kí ìko yẹn ti kúrò kí n tó dé.”

Nígbà tó lọ, mo kúnlẹ̀ wo ara páálí náà. Òótọ́ ló sọ. Àwòrán tó wà níbẹ̀ tẹ́jú láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ìlà tóóró tí wọ́n ń ki sídì sí. Páálí méjèèjì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kó ọjà fún wa ti fi irú èyí kún ẹrù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àǹtí mi sì rà á bí wọ́n ṣe ń ra apẹ̀rẹ̀ obì: wọn a ṣí ewé òkè, wọn a wo obì tó wà lójú, wọn a gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ta obì kò jẹ́ fi obì búburú sábẹ́ fún wọn, torí ọjọ́ mìíràn ń bọ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ kò mọ òfin yẹn.

Mo pe àǹtí mi títí. Obìnrin inú fóònù ń sọ pé kò sí wọn lórí afẹ́fẹ́.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí mo bá dákẹ́, Màmá á dé, wọ́n á sanwó àjọ wọn, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lọ sílé, wọ́n á sì máa wá ibi tí wọ́n máa ki sídì sí lójú gbogbo ọmọ Ìlárá. Bí mo bá jẹ́ kí ọkùnrin yìí gbé e, Màmá á wà láìní ẹ̀rọ kankan, torí kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn ní gbogbo Rẹ́mọ. Ọ̀nà wo ló kù? Mo ti ilẹ̀kùn, mo gun bọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́, mo gbé ọ̀kadà láti ibẹ̀ dé Ìlárá.

Kò ṣòro láti rí wọn. Ilé géèmù pupa ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ó ti gbé pátákó síta pé géèmù tuntun ń bẹ níbí ní Jímọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ti Màmá. Àwọn ọmọkùnrin mélòó kan wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọ́n dojú fáànù kọ kó má baà gbóná kú. Màmá ń bó ẹ̀pà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ ọ́ fún ilẹ̀, gbogbo rẹ̀, láìgbé orí sókè.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dá páàdì dúró. “Màmá, èyí tí kò ní ẹnu? Ó máa jẹ dátà bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ẹ̀gẹ́!”

Èkejì ní, “Pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí yìí? Kó tó fa géèmù tán, àwa náà á ti lọ́mọ, ọmọ wa ló máa gbá a.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí aṣọ wọn.

“Àǹtí rẹ ṣí ti òkè wò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Ẹlòmíràn sì ti gbé ti òkè lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

Wọ́n pòṣé, òṣé gígùn. Wọ́n wo ilé pupa lódìkejì. “Kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí?” Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bi.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n fà á ní Sábó.”

“Sọ ọ́ sókè.”

“Ẹ jẹ́ kí n fa géèmù náà wálẹ̀ ní Sábó, Mà. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ènìyàn fà á ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Á wà nínú ẹ̀rọ, àmọ́ kò ní ṣí títí di Jímọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa lọ́hùn-ún sàn ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ wá tú ìko.” Bóyá ni mo ti sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí lójú àjèjì.

“Bí kò bá tán kí Jímọ̀ tó dé ńkọ́?”

“N kò mọ̀, Mà.”

Wọ́n wọlé, wọ́n mú Bíbélì wọn láti orí fíríìjì, wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó bóyá ìdajì ìko méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. “Màá wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Màmá ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ka owó àjọ wọn sílẹ̀, wọ́n ti bá ìko pàdé ìko, nígbà tí ọkùnrin ará Èkó padà dé. Ó rí mi lórí orúnkún mi, mò ń gbé ẹ̀rọ jáde nínú páálí. Ojú rẹ̀ yí padà.

Màmá ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ ra ohun tó wà lábẹ́ ìdí ọmọ ọlọ́mọ?”

“Ẹ káàárọ̀, Mà. Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, nǹkan yìí kò wúlò fún yín. Ẹ gba owó.”

“Mo gbọ́. Èwo nínú owó yẹn ló ń gbá bọ́ọ̀lù?”

Ó tún dúró díẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tó retí pé kí ẹ̀rọ náà já bọ́. Nígbà tó yá, ó jáde.

Mo fi káàdì tí a máa ń tà, tí wọ́n fi ń sanwó géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ra géèmù náà, mo so ẹ̀rọ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ṣọ́ọ̀bù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè gbé méjì pa pọ̀, nítorí náà mo dojú kọ ọ̀kan. Ìlà kékeré kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wọ́ bí ìgbín. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, ìlà náà ń dúró. Ẹ̀yìn pákó lẹ́bàá fèrèsé, láàárín apẹ̀rẹ̀ obì, ni ó ti ń rìn dáadáa. Àwọn obìnrin tó ń ṣa obì sún apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò mọ ohun tí géèmù jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹrù tó wà lọ́nà.

“Ibo ló dé báyìí?” ni ọ̀kan nínú wọn bi mí.

Mo wo ìlà náà. Ọ̀nà tí ọkọ̀ obì ń gbà ti Òkè Ọya padà bọ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo ní, “Kò tíì kọjá odò Ọya, Mà.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ka ọ̀nà rẹ̀. Ó dé Ìlọrin, wọ́n mú iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀. Bẹntiróòlù tán, a lọ ra òmíràn. Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó kú síbẹ̀ ní odindi ọ̀sán. Màmá ń wá láàárọ̀, wọ́n ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bá àwọn obìnrin náà ṣa obì kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀. Wọn kì í bi mí ní ohunkóhun. Ojú ìlà yẹn nìkan ni wọ́n ń wò.

Ní ọjọ́ kan ohùn àǹtí mi wọlé lórí fóònù, ó ń já. Mo ní, “Àǹtí, kò ní ẹnu.”

“Kí ni kò ní ẹnu?”

“Méjì tí ẹ so ìko mọ́.”

“Mo ṣí ti òkè wò,” ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà: “Ọwọ́ ta ni ìko wà?”

“Ọwọ́ Màmá ni, Àǹtí.”

“Ohun tí Màmá bá ti wí ni kó o ṣe.”

Jímọ̀ dé, ẹrù wa ṣì wà ní ìta Ìbàdàn. Láti àárọ̀ ni fóònù Màmá ti ń dún. Àwọn ọmọ ilé géèmù wọn ló ń pè láti Ìlárá. “Màmá, ilé pupa ti gbé sídì dé o.” “Màmá, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn o.” “Màmá, èrò ti ń tò síbẹ̀.” Màmá pa fóònù náà. Ìlà náà dúró gbọnin. Mo tú fóònù ṣọ́ọ̀bù kúrò, mo tún un so. Kò mira.

Ìgbà tí àwọn ọkùnrin lọ kírun Jímọ̀ ni ó mira. Gbogbo Sábó dákẹ́, ó jọ pé gbogbo fóònù náà dákẹ́, ìlà náà sì sáré bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Wọn kò tíì dé láti mọ́ṣáláṣí tó fi kún. Obìnrin kan tó ń ṣa obì pàtẹ́wọ́. “Ó ti wọ gáréèjì!”

Ọ̀kan péré ni. Èkejì ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Màmá gbé èyí tó ti kún lé itan nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n fi gèlè wé e, wọn kò jẹ́ kí n bá wọn gbé e.

A ti ń gbọ́ ariwo ilé pupa kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ débi pé àwọn kan ń yọjú lórí èjìká àwọn mìíràn. Lọ́dọ̀ Màmá, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín níjọ́sí nìkan ló jókòó. Mo so ẹ̀rọ, mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo tẹ géèmù náà. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀: kó tó ṣí, ó fẹ́ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ìgbà díẹ̀, kó lè mọ̀ pé ọjọ́ ti pé. Mo wo fóònù mi. Kò sí ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan lórí rẹ̀.

“Kí ló ń wí?” ni Màmá bèèrè.

Àwọn tó ń yọjú nílé pupa ti ń wò wá. Mo gbé fóònù sókè, kò sí. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, kò sí. Ni mo bá gun orí bẹ́ǹṣì, láàárín àwọn ọmọkùnrin yẹn, èmi tí n kì í lè dúró níwájú ènìyàn mẹ́ta, mo na ọwọ́ kan títí ó fi kan àjà.

“Sún síbí, sísí!”

“Lápá òsì! Lápá òsì ló máa ń wà!”

“Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má ṣubú!”

Màmá di kókósẹ̀ mi mú. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo pa tèmi dé, mo sì dúró bẹ́ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí n tó rí i: ariwo èrò pápá bọ́ọ̀lù tó bú jáde nínú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ náà fò sókè pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ǹṣì yí, mo bọ́ sílẹ̀, ẹnì kan ti já páàdì gbà lábẹ́ mi.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tó wà nílé pupa ló sọdá. Àwọn tó ti sanwó dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi èjìká ẹlẹ́gbẹ́ wọn wo ìran bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọjú, wọ́n ń bèèrè ta ló kàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí àyè lórí bẹ́ǹṣì mọ́, Màmá sì ti lé ọmọ kan lọ sílé nítorí ìyá rẹ̀ ń wá a.

Màmá sìn mí dé ibi tí ọ̀kadà wà. Wọ́n mú ìdajì ìko kan jáde láti etí ìró wọn, wọ́n fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, bí a ṣe máa ń ṣe tí ẹrù bá ti dé ilé olówó rẹ̀ láìlábùkù.

“Èyí ti parí,” ni wọ́n wí. “Ìdajì ti ẹrù kejì wà nínú Bíbélì. Sọ fún ẹrù mi pé kó má sùn sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.”